Àwọn Méjèèjì Tó Wà Lẹ́yìn

Tẹ́ ẹ bá ń wá ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ tojú sú, ẹ ò bá wá wo Padà-Lọ́la láàárọ̀ Sátidé ọjọ́ náà. Télọ̀ ni. Ọwọ́ ẹ̀ dáa, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò sí oníbàárà tó lọ gba aṣọ lọ́dọ̀ ẹ̀ tí kò ní sọ fún pé "ẹ padà wá lọ́la." Ìyẹn ni àdúgbò ṣe kúkú sọ ọ́ ní Padà-Lọ́la, òun náà sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni pé oyè ni. Láàárọ̀ tí mò ń wí yìí, kò sí nídìí máṣíìnì. Abẹ́ ọkọ̀ ló wà níwájú ilé ẹ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí páálí, téèpù tó fi ń wọn oníbàárà ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, ó ń wo òkè bí ẹni tí wọ́n ní kó ka èdè tí kò gbọ́.

Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ló fẹ́ pààrọ̀. Ẹni tó bá ti wọkọ̀ rí mọ ìwúlò ẹ̀, kódà bí kò mọ orúkọ ẹ̀. Irin gbọọrọ kan ni, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, epo wà nínú ẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò sókè sódò tó bá já sí kòtò. Ti ẹ̀yìn ọkọ̀ Padà-Lọ́la ti kú tipẹ́. Tó bá gun gegele kan níbẹ̀rẹ̀ àdúgbò, ẹ̀yìn ọkọ̀ á ṣì máa jó nígbà tó bá dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ọmọ ẹ̀ àgbà, ọmọbìnrin tẹ́nu ẹ̀ kì í dákẹ́ tí wọ́n ń pè ní Aláròyé, á máa pariwo lẹ́yìn pé, "Dádì, a tún ti ń fò o!" Àbúrò ẹ̀ ọkùnrin, tí gbogbo ilé ń fi ìnagijẹ pè ní Kékeré, á máa rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀ títí oúnjẹ tó jẹ á fi padà wá sókè.

Ẹ lè ní kí ló dé tí ò gbé ọkọ̀ lọ fún mẹkáníìkì. Ẹ ṣe sùúrù, ẹ jẹ́ n dé ibẹ̀. Bàbá ẹ̀ ló fà á. Ọkọ̀ akẹ́rù ni Bàbá fi ṣiṣẹ́ títí irun wọn fi funfun. Kò sí mẹkáníìkì kan nígboro tí wọn ò mọ̀, èyí tí wọn ò bá sì tíì bá ṣiṣẹ́, á jẹ́ pé wọ́n ti bú u rí. Nígbà tí Padà-Lọ́la wá fẹ́ ra ọkọ̀, ta ló mú dání lọ wò ó? Oníbàárà ẹ̀ kan tó máa ń wọ táì, tí kò mọ̀ ju kó yí kọ́kọ́rọ́ kí ọkọ̀ dáhùn lọ! Kò sọ fún Bàbá rárá. Etí títì ni Bàbá ti rí i tí ọmọ wọn wa ọkọ̀ kọjá, tí ẹ̀yìn ọkọ̀ ń jó lọ.

"Èmi tí mo fi ọkọ̀ wíwà tọ́ ẹ dàgbà," ni Bàbá wí nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, "onítáì lo lọ mú kó wá bá ẹ wo ọkọ̀? Ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn ò dáa! Mo sì ti bá ẹ parí ẹ̀. Mi ò ní fẹsẹ̀ mi tẹ ilé ẹ mọ́."

Wọn ò sì tẹ̀ ẹ́. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta báyìí. Àárín ìjà yẹn ni wọ́n bí Kékeré, Bàbá ò sì tíì fojú kàn án rí. Àǹtí, ẹ̀gbọ́n Padà-Lọ́la obìnrin, ló ń gbé lọ́dọ̀ Bàbá. Tó bá ti dá ọ̀rọ̀ ọmọ náà sílẹ̀, Bàbá á na ọwọ́ sí rédíò, wọ́n á yí i sókè títí etí gbogbo ilé á fi di. Padà-Lọ́la náà gbé agídí tiẹ̀ kọ́rùn. Ó ní òun kì í ṣe ọmọdé mọ́, ó ní owó òun lòun fi ra ọkọ̀, ó ní kí ẹni tó bá máa bínú máa bínú. Ṣé ẹ rí irú ọmọ àti bàbá bẹ́ẹ̀? Ojú kan náà, imú kan náà, orí kunkun kan náà.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá arúgbó kan wá gba ṣòkòtò ní ṣọ́ọ̀bù. Kékeré rìn tọ̀ ọ́ lọ, ó dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó ní, "Bàbá mi àgbà ti dé." Oníbàárà náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa á lórí. Padà-Lọ́la ò rí ẹ̀rín rín. Ó dùn ún wọra. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló sọ fún ìyàwó ẹ̀ pé tó bá di Sọ́ńdè, òun á kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ Bàbá, ohun tí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n wí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń jó! Bàbá á ti gbọ́ ìró ẹ̀ láti inú yàrá, wọ́n á ní "ṣé mo wí àbí mi ò wí?", ìjà á sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ tó bá gbé e lọ fún mẹkáníìkì, kí wọ́n tó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lórí jáàkì, Bàbá á ti gbọ́. Ni télọ̀ bá ní òun fúnra òun lòun máa ṣe é.

Ó ti wo fídíò kan lórí fóònù. Ọkùnrin inú fídíò náà wọ aṣọ funfun, ẹ gbọ́ mi o, aṣọ funfun, ó sì pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì láìjẹ́ kí ìdọ̀tí kankan kan án. Padà-Lọ́la wò ó, ó tún un wò, ó ń wò ó náà títí fóònù fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní kò burú, ó ti wà lórí òun.

Irọ́ ni, kò sí lórí ẹ̀. Ó ti fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè kó tó rántí pé ó yẹ kóun kọ́kọ́ dẹ nọ́ọ̀tì táyà. Bó ṣe ń yí sípánà ni táyà ń bá a yí. Ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ó dẹ nọ́ọ̀tì, ó tún gbé e sókè, ó fi ẹsẹ̀ irin méjì àti ìtì igi tì í lábẹ́ kó má baà wálẹ̀ lé òun lórí. Ó yọ táyà ọ̀tún. Ó gbé jáàkì kejì, èyí tó yá lọ́wọ́ aládùúgbò, sábẹ́ irin ńlá tó so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, kó má baà já wálẹ̀ tí ṣọ́ọ̀kì bá tú. Ìyẹn ló rántí, ẹ bá mi kí i.

Bóòtù ìsàlẹ̀, ó rí i. Ó ti dípẹtà. Ó da epo sí i, ó dúró, ó fi òòlù kàn án, ó bú u, ó tú. Ti òkè ńkọ́? Kò rí i. Ó fọwọ́ tọ ṣọ́ọ̀kì náà lọ sókè, irin wọ inú ara ọkọ̀ lọ, kò jáde mọ́. Ó gba apá ọ̀tún wò ó, ó gba apá òsì wò ó, ó fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. "Ó dà? Ibo ló gbà? Wọ́n ṣá ò lè bí i mọ́ ọkọ̀!" Ìgbà tó rẹ̀ ẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé aláṣọ funfun yẹn ṣí búùtù níbì kan nínú fídíò. Òun ti rò pé omi ni ọkùnrin náà fẹ́ mu. Ó dìde, ó ṣí búùtù, ó ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò, nọ́ọ̀tì náà sì jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí wọ́n gbàgbé sí yàrá.

Ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ jáde. Epo ti yí i lára dúdú. Padà-Lọ́la tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó wọlé wọ́ọ́rọ́, kò sì padà sókè mọ́. Ó gbé tuntun jáde nínú páálí, ó já ọ̀já tí wọ́n fi dè é, ó sì ṣe ohun tí télọ̀ nìkan ló lè ṣe láyé yìí: ó yọ téèpù lọ́rùn, ó wọn àwọn méjèèjì. Tuntun fi odidi ìbú ọwọ́ kan gùn ju àtijọ́ lọ. Ó tún un wọ̀n. Bákan náà ni. Orí ẹ̀ gbóná.

"Mọ́mì!" ló fi ké sí ìyàwó ẹ̀, tó ń fọṣọ lẹ́nu ọ̀nà. "Gbé fóònù ẹ fún mi. Ti ẹlòmíì ni wọ́n gbé fún mi. Kò bá mi mu."

"Kò bá ẹ̀yin mu àbí kò bá ọkọ̀ mu?"

"Mo ní gbé fóònù wá!"

Obìnrin tó ta ṣọ́ọ̀kì fún un gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ tán, ó bú sẹ́rìn-ín. "Télọ̀, ẹ fi kí ni wọ̀n ọ́n? Ṣé aṣọ lẹ fẹ́ rán fún un ni? Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, èyí tó ti kú lẹ tì wọnú tí ò lè jáde. Èyí tó dáa á máa na ara ẹ̀ ni. Ẹ tì í wọlé, kó tó nà padà kẹ́ ẹ ti kì í bọ àyè ẹ̀. Ẹ ká téèpù yín sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́!" Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Padà-Lọ́la pa fóònù. Inú ẹ̀ ò dùn, ṣùgbọ́n ara tù ú díẹ̀, ó dá fóònù padà fún ìyàwó ẹ̀, ó sì padà sábẹ́ ọkọ̀.

Ibẹ̀ ló wà, tó ń ti ṣọ́ọ̀kì wọlé tí ṣọ́ọ̀kì ń nà padà, tí nọ́ọ̀tì wà láàárín eyín ẹ̀, nígbà tí fóònù ìyàwó ẹ̀ dún. Àǹtí ni. Àǹtí kì í gbé fóònù sétí bí èèyàn gidi. Á ṣí ohùn ẹ̀ sílẹ̀ gbàgàdà kí gbogbo ilé bá a gbọ́, Bàbá sì wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìyàwó fi ọwọ́ ọṣẹ tẹ fóònù.

"Ẹ káàárọ̀ mà, Àǹtí. Dádì wọn? Háà, wọ́n wà lábẹ́ ọkọ̀ o."

"Abẹ́ ọkọ̀ kẹ̀? Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Dádì, Àǹtí ń béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀!"

Padà-Lọ́la tu nọ́ọ̀tì sọ́wọ́, ó lọgun látabẹ́ ọkọ̀: "Sọ fún wọn pé àwọn méjèèjì tó wà lẹ́yìn ti kú! Àwọn ti iwájú ò ṣe nǹkan kan!"

Ìyàwó, tí ọkàn ẹ̀ wà lára ṣẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀, tún un sọ gẹ́lẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ. "Wọ́n ní àwọn méjèèjì tó wà lẹ́yìn ti kú. Àwọn ti iwájú ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ti yọ ti ọ̀tún jáde, ó ku ti òsì."

"Kí Bàbá má gbọ́ o!" ni ọkọ ẹ̀ tún ké látìsàlẹ̀.

"Wọ́n ní kí Bàbá má gbọ́ o, Àǹtí..."

Fóònù náà bá kú. Iná ti tán nínú ẹ̀. Ìyàwó wò ó, ó pòṣé, ó lọ kì í sínú iná nínú ilé, ó sì padà sídìí aṣọ. Ó ní òun á pe Àǹtí tó bá yá.

Ẹ̀yin mọ̀ pé ṣọ́ọ̀kì là ń sọ. Bàbá ò mọ̀. Ohun tí àgbàlagbà náà gbọ́ lórí àga wọn ni pé ọmọ wọn wà lábẹ́ ọkọ̀, àwọn méjì tó jókòó sẹ́yìn ti kú, wọ́n ti yọ ọ̀kan, ó ku ọ̀kan, kí wọ́n má sì jẹ́ kí àwọn gbọ́. Àwọn ọmọ ló máa ń jókòó sẹ́yìn. Àǹtí ń tẹ fóònù, fóònù ò lọ, ó ń ké, ó ń tún un tẹ̀. Nígbà tó fi máa yíjú padà, àga Bàbá ti ṣófo.

Padà-Lọ́la ò mọ nǹkan kan nínú gbogbo èyí. Ó ti de ti ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ wò, inú ẹ̀ dùn, ó bọ́ sí apá òsì. Apá òsì tún da orí ẹ̀ rú. Gbogbo ohun tó ti mọ́ ọn lọ́wọ́ lápá ọ̀tún ló yí padà lápá òsì, tó bá fẹ́ dẹ bóòtù ó ń le sí i, tó bá fẹ́ kó le ó ń dẹ̀. Ó ń bá a jà lọ́wọ́ ni alùpùpù kan bá já sẹ́nu ọ̀nà, Padà-Lọ́la sì rí ẹsẹ̀ méjì láti abẹ́ ọkọ̀ tó wà. Ọ̀kan wọ bàtà, ọ̀kan wọ sálúbàtà. Ó wo ẹsẹ̀ náà. Ó mọ ẹsẹ̀ náà. Ó ní kò lè jẹ́. Ṣé epo tóun ń fà símú látàárọ̀ ló ti ń yí òun lórí ni?

"Ẹ gbà mí o! Ẹ gbé ọkọ̀ kúrò lórí ẹ̀! Ọmọ mi ò!"

Kó tó ronú kan èkejì, ọwọ́ ti dì í mú lọ́rùn ẹsẹ̀, wọ́n sì ń wọ́ ọ. Orí ẹ̀ kan irin, páálí ká jọ sábẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ṣí dé àyà. Ó jáde síta, ojú ẹ̀ dúdú fún epo, sípánà wà lọ́wọ́ ẹ̀. Bàbá ló kúnlẹ̀ lé e lórí.

"O ń mí?"

"Mò... Bàbá?"

"Mo ní ṣé o ń mí!"

"Mò ń mí, Bàbá. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kú?"

"Ìwọ lò ń bi mí? Àwọn ọmọ dà?"

"Wọ́n wà nínú ilé."

Bàbá gbé ọwọ́ lérí. "Yéè! Ẹ ti tẹ́ wọn sínú ilé?"

"Ẹ tẹ́ wọn bí i ti báwo? Tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń wò."

"Òkú ń wo tẹlifíṣọ̀n?"

Padà-Lọ́la wo bàbá ẹ̀, ó wo ọlọ́kọ̀ alùpùpù tó ti ṣí fìlà lórí tó ń ṣe sùúrù ẹni tó wá sílé ọ̀fọ̀, ó wo ìyàwó ẹ̀ tó dúró pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́. Kò rí ẹni tó máa là á yé e. Ó rò ó pé bóyá ara Bàbá ò yá. Ẹ̀rù bà á gan-an, ẹ̀rù tí kò bà á rí láti ọjọ́ tó ti dáyé, pé bàbá òun ló wá kú mọ́ òun lọ́wọ́ yìí, kí àwọn tó bá ara àwọn sọ̀rọ̀ rere kan.

Àfi ìgbà tí Aláròyé yọ sẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá! Ẹ káàárọ̀ mà... sà! Bàtà yín ò bára mu o!"

Bàbá wò ó. Wọ́n wá ibi tí wọ́n máa jókòó, wọ́n rí táyà tó wà nílẹ̀, wọ́n jókòó lé e lórí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé, wọn ò fi ọwọ́ bojú.

Ìyàwó ló kọ́kọ́ yé. Ó ju aṣọ sínú omi, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Mo gbé! Fóònù! Àwọn méjèèjì tó wà lẹ́yìn! Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí, ṣọ́ọ̀kì ni! Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ọkọ̀ ló kú, kì í ṣe èèyàn!" Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ṣọ́ọ̀kì," ni Bàbá wí.

"Ṣọ́ọ̀kì ni, Bàbá," ni Padà-Lọ́la wí. Gbogbo ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń tò lórí ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, bí ọ̀kan ṣe ń yé e ni ara ẹ̀ ń tutù. "Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ò dáa. Mo fẹ́ tún un ṣe ni. Mo fẹ́ kó wọn wá bá yín lọ́la."

Ọlọ́kọ̀ alùpùpù dé fìlà ẹ̀ padà, ó ní kí Ọlọ́run má fi irú ẹ̀ dán ẹnikẹ́ni wò, ó sì wa ọkọ̀ ẹ̀ lọ. Bàbá fi etí aṣọ nu ojú. Padà-Lọ́la ń retí ìbínú. Ì bá mọ ohun tó máa ṣe ká ní ìbínú ló dé, nítorí ó ti mọ ìbínú bàbá ẹ̀ látìgbà kékeré. Ohun tó dé yìí ni kò mọ̀.

"Mò ń sunkún wọn bọ̀ lọ́nà," ni Bàbá wí, wọ́n ń wo ilẹ̀. "Lórí alùpùpù yẹn. Mo pe ọmọbìnrin yìí lórúkọ, mo pè é títí, gbogbo ojú ọ̀nà ń wò mí. Mo wá fẹ́ pe ìkejì." Wọ́n tún ẹnu ṣe. "Mi ò rí nǹkan pè. Ọmọ ọmọ mi kú, mi ò sì mọ orúkọ tí màá fi sunkún ẹ̀. Àǹtí yín sọ ọ́ fún mi, ó sọ ọ́ láìmọye ìgbà. Mi ò jẹ́ kó wọ̀ mí létí."

Padà-Lọ́la ti dọ̀bálẹ̀ sórí páálí pẹ̀lú epo lójú. Ó fẹ́ sọ pé òun lòun jẹ̀bi, ó fẹ́ sọ ti onítáì, ó fẹ́ sọ ohun púpọ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá," ló rí sọ. Ìyàwó ẹ̀ ń sunkún ní tiẹ̀.

Kékeré ti yọjú lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ó di yẹ̀rì ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mú, ó ń wo àgbàlagbà tó jókòó sórí táyà ọkọ̀ dádì òun. Bàbá na ọwọ́ sí i. Kò wá. Wọn ò sì fà á.

"Kí ni orúkọ ẹ?" ni Bàbá bi í.

Aláròyé la ẹnu kó bá a sọ ọ́. Bàbá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní kó jẹ́ kí ọmọ sọ ọ́ fúnra ẹ̀. Gbogbo wọn dúró. Ọmọ náà fi ojú pamọ́, ó tún yọ ọ́, ó sì sọ orúkọ ẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Bàbá pè é tẹ̀ lé e. Kékeré ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é. Ó jáde kúrò lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó dúró síwájú wọn, ó tún un sọ fún wọn díẹ̀díẹ̀, Bàbá sì ń pè é tẹ̀ lé e títí ó fi ní ó dáa.